Bọ́tìnnì TradingView tí a kì í tẹ̀, òun ló mọ ibi tí owó wa ń gbà lọ

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan na fóònù sí mi pé kí n wo ohun tí òun ń wò. TradingView ló ṣí. Mo tẹjú mọ́ ọn títí, mi ò rí iye owó ṣíà tó ní òun fẹ́ rà. Ìlà aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, pupa wà, àwọ̀ ọsàn wà, nǹkan kan bí ìkùukùu bo ìdajì ṣáàtì náà, ọfà kéékèèké tí wọ́n kọ BUY àti SELL sí sì wà káàkiri bí eèrà. Mo bi í pé, "Èwo nínú gbogbo èyí lo ti dán wò?" Ó ní, "Dídán wò báwo? Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́."

Mi ò lè fi í rẹ́rìn-ín. Ohun tí èmi náà ń sọ lọ́dún tó kọjá nìyẹn, kí owó àjọ mi tó wọmi.

Èrò mi rèé, ẹ má bínú bó bá ta yín lára díẹ̀. TradingView, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wo ọjà báyìí, ì báà jẹ́ ṣíà ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, ti Amẹ́ríkà, dọ́là sí náírà tàbí bitcoin. Wọ́n kọ́ odindi yàrá ìwádìí sínú rẹ̀, àwa sì sọ ọ́ di ojúbọ. Indicator àti irú ètò bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń lò ó kọ síbẹ̀ fúnra wọn ju 100,000 lọ. Àwọn yẹn la máa ń kó sórí ṣáàtì, a ó wá jókòó kí wọ́n sọ ohun tí ọ̀la máa bí fún wa. (Mi ò bá babaláwo jà o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni babaláwo fi ń kọ́ṣẹ́. Àwa wo fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ti di awo.) Àwọn bọ́tìnnì tó lè tú àṣírí irọ́ tí a ń pa fún ara wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A kì í tẹ̀ wọ́n ni.

Ní lábù wa, bakitéríà ni mò ń kà. A ó fi oògùn sínú àwo kan, a ò ní fi sínú òmíràn, tó bá di ọjọ́ kejì a ó ka iye tó hù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin àkọ́kọ́ tí àǹtí kan tó ṣáájú mi níbẹ̀ kọ́ mi ni pé kí n lẹ bébà bo orúkọ tó wà lára àwo kí n tó kà á. Ìdí ni pé ẹni tó bá mọ àwo tó gba oògùn, ojú rẹ̀ á máa dín in kù láìmọ̀. Á rí àmì funfun kan, á ní ìdọ̀tí ni. Kì í ṣe òpùrọ́ o. Bí ojú ọmọ èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn.

Èmi tí mo mọ òfin yìí bí ẹní mowó, ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo gbé ìlà ìpíndọ́gba méjì sórí ṣáàtì ilé ìfowópamọ́ kan, ti ọjọ́ 5 àti ti ọjọ́ 20. Bí ti 5 bá gun orí ti 20, mà á rà. Bó bá já sísàlẹ̀ rẹ̀, mà á tà. Mo yí ṣáàtì sẹ́yìn, mo ń fi ìka kà á. Ìgbà 14 ni mo kà pé ó yẹ kí n rà, 11 nínú rẹ̀ mówó wọlé. Mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá! Owó àjọ tí mo fẹ́ fi san owó àyẹ̀wò DNA àwọn bakitéríà mi, ₦240,000, ni mo kó lé e. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó ku ₦186,000. Nígbà tí mò ń ṣàlàyé fún àǹtí yẹn ìdí tí àyẹ̀wò mi fi máa pẹ́, kò bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Nígbà tí o ń ka mọ́kànlá yẹn, ṣé o bo orúkọ?"

Ohun tí wọ́n fi ń bo orúkọ wà lórí TradingView. Replay ni wọ́n pè é, òkè ṣáàtì ló wà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó yan ọjọ́ kan sẹ́yìn, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà á pòórá. Ẹ ó wá máa tẹ̀ ẹ́ síwájú ní candle kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ọjọ́ yẹn lẹ wà. Mo tún ọgbọ́n mi dán wò bẹ́ẹ̀, mò ń kọ ìpinnu mi sínú ìwé kí n tó tẹ ọjọ́ tó kàn. Mo rà nígbà 31. 13 péré ló mówó wọlé.

Ibo wá ni mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá wọlẹ̀ sí? Mo padà lọ wò ó. Nígbà tí mò ń fi ìka kà, gbogbo ibi tí ìlà méjèèjì ti lọ́ mọ́ra wọn, tí wọ́n kọjá ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti fò ó. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá lójú kò ní rà níbẹ̀. Ojú tí mo ní yẹn, ọjọ́ iwájú ló yá mi. Láwọn ibòmíràn, mo ṣírò èrè láti ìsàlẹ̀ ibi tí owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, nígbà tó jẹ́ pé ìlà kò tíì kọjá ara wọn títí di ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, tí ṣíà ti wọ́n. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí ṣebí iṣẹ́ mi ni.

Replay náà kò pé tán o. Bí ẹ bá mú bitcoin tí ẹ sì yan oṣù kejì 2020, ta ni kò mọ ohun tó ń bọ̀ ní oṣù kẹta? Ẹ ti mọ ìtàn, ojú yín ò bò. Ẹ ní kí ẹlòmíràn bá yín yan ṣíà tí ẹ kò mọ̀ dáadáa, kó bá yín yan ọjọ́ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ojú tó ń rí ohun tí kò sí yìí, ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń sọ ọ́. Ní 1959, Harry Roberts ti Yunifásítì Chicago mú nọ́ńbà tó kàn wá bó ṣe wá, tí kò ní ètò kankan, ó ń ro wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì yà wọ́n sórí ìwé. Ohun tó jáde jọ ṣáàtì ọjà ṣíà Amẹ́ríkà gan-an, títí kan "orí àti èjìká" tí wọ́n fi ń kọ́ wa pé ọjà fẹ́ já. Kò sí olùrà níbẹ̀, kò sí olùtà, kò sí ìròyìn kankan. Ẹ̀yin náà lè fi owó ẹyọ kan ṣe é lónìí: bó bá ṣubú sí ojú kan, ẹ fi náírà kan kún un, bó bá ṣubú sí ojú kejì, ẹ yọ náírà kan. Ẹ jù ú nígbà 200, ẹ yà á, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Telegram yín láìsọ ohun tó jẹ́. Mo fẹ́ rí ẹni tí kò ní bá yín wá support àti resistance jáde níbẹ̀.

Torí ẹ̀ ni mo fi fẹ́ràn bọ́tìnnì kan tí mi ò tíì rí ẹni tó ń lò ó rí láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi. Invert scale ni. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Alt àti I pọ̀, ṣáàtì á dorí kodò. Bó bá ti dá yín lójú pé ṣíà kan fẹ́ gòkè, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ bi ara yín bóyá ẹ máa tà á. Bí ẹ bá rí i pé ẹ tún ń wá ìdí tí ẹ fi máa rà á, a jẹ́ pé ohun tó wu yín lẹ ń kà, ẹ kò ka ṣáàtì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ.

Ibi tó kan àwa tó ń ná náírà jù rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Àpótí tí a máa ń tẹ orúkọ ṣíà sí lórí TradingView gba ìṣirò. Ẹ lè fi ṣíà kan pín èkejì, ẹ sì lè fi dọ́là pín ṣíà. Ẹ tẹ MTNN/USDNGN síbẹ̀, iye tí ṣíà MTN Nàìjíríà jẹ́ ní dọ́là ló máa jáde, láti ọjọ́ pípẹ́ títí di òní.

Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún wa? Ní ìparí 2022, atọ́ka gbogbo ṣíà ní ọjà NGX wà ní nǹkan bí 51,251. Ní ìparí 2023 ó di nǹkan bí 74,774, ìyẹn ni pé ó fi ìdá 45.9 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Ní ìparí 2024 ó di 102,926. Ìlọ́po méjì láàárín ọdún méjì. Ẹ rántí bí orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe gbóná nígbà náà, tí gbogbo èèyàn di ọ̀gá. Ó dáa. Ní iye owó ìjọba, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦461 ní ìparí 2022. Wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, ó di nǹkan bí ₦907 ní ìparí ọdún náà, ó sì di nǹkan bí ₦1,535 ní ìparí 2024. Ẹ wá pín in. 51,251 tí a fi 461 pín jẹ́ bíi 111. 74,774 tí a fi 907 pín jẹ́ bíi 82. 102,926 tí a fi 1,535 pín jẹ́ bíi 67. Ọjà kan náà, ọdún méjì kan náà: ní náírà ó di ìlọ́po méjì, ní dọ́là ó dín ní nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, láìka owó èrè tí àwọn ilé iṣẹ́ ń pín.

Mi ò ní ẹni tó ra ṣíà ṣe àṣìṣe. Ẹni tó tọ́jú náírà rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí láàárín ọdún méjì yẹn pàdánù nǹkan bí ìdá àádọ́rin ní dọ́là, torí náà ẹni tó ra ṣíà sàn jù ú lọ dáadáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọgbọ́n tí ẹ rò pé ó ń pawó fún yín ní 2023 lè má jẹ́ ọgbọ́n rárá. Ó lè jẹ́ náírà tó ń já ni ẹ ń wò. Ẹ ò ní mọ̀, àfi tí ẹ bá pín in. Ẹni tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó ń rà kò ní í ṣe pẹ̀lú òkè òkun lè sọ pé dọ́là ò kan òun. Ní lábù wa, dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé kẹ́míkà, nítorí náà ó kàn mí.

Ohun kan wà tó fara pẹ́ ẹ, log scale, Alt àti L. Atọ́ka tí mo sọ yẹn dé 66,371 ní oṣù kẹta 2008. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti wà ní nǹkan bí 20,000, ọdún 2023 ló sì tó tún kọjá ibi tó ti já. Lórí ṣáàtì lásán, jíjá ti 2008 yẹn gba nǹkan bí 46,000, gígòkè ti 2023 àti 2024 gba nǹkan bí 52,000, ojú yín á sọ fún yín pé ọgbọọgba ni wọ́n. Irọ́ ni. Èkíní gba nǹkan bí ₦70 nínú ₦100 lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó sì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ kí wọ́n tó rí owó wọn padà. Èkejì sọ ₦100 di ₦200. Log scale máa ń fún ìlọ́po ní ìwọ̀n kan náà níbikíbi tó bá ti ṣẹlẹ̀, nítorí náà lórí rẹ̀ jíjá ti 2008 á gùn ju gígòkè yẹn lọ dáadáa. Àwa tí a jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn, tí a kàn ń gbọ́ tí àwọn òbí wa ń ṣépè fún ṣíà, ibẹ̀ la ti máa rí ohun tó ṣe wọ́n.

Ó ku Strategy Tester. Àwòrán tí ẹ máa ń rí lórí Telegram, ìlà èrè tó ń gun òkè bí àkàbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya púpọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á fún yín, ẹ bi wọ́n pé eélòó ni wọ́n fi sí Commission àti Slippage. Òdo ló máa ń wà nínú àpótí Commission bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án. Ọjà wo ni wọ́n ti ń bá wa rà, tí wọ́n ń bá wa tà lọ́fẹ̀ẹ́? Ká ní ríra àti títà lẹ́ẹ̀kan ń jẹ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó yín, tí ẹ sì ṣe é nígbà 40 láìjèrè, láìpàdánù. ₦100,000 yín á ku nǹkan bí ₦54,600. Brad Barber àti Terrance Odean wo àkáǹtì ìdílé 66,465 ní Amẹ́ríkà láti 1991 sí 1996. Ọjà fúnra rẹ̀ mú ìdá 17.9 nínú ọgọ́rùn-ún wá lọ́dún. Àwọn tó ń rà tí wọ́n ń tà jù lọ gba 11.4. Owó tí wọ́n ń san lórí káràkátà ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà.

Ẹ má sì máa yí nọ́ńbà padà títí tí èrè á fi jáde. 5 pẹ̀lú 20 kò dáa, ẹ lọ sí 6 pẹ̀lú 21, ẹ lọ sí 8 pẹ̀lú 30... Bí òfin kan kò bá tiẹ̀ ní nǹkan kan nínú, tó sì jẹ́ pé ó lè ṣèèṣì dára nígbà 5 nínú 100, ẹni tó dán irú rẹ̀ 20 wò ti ní ìrètí 64 nínú 100 pé ó kéré tán ọ̀kan á dára. Yóò wá mú ọ̀kan yẹn jáde, á fún un lórúkọ. Ẹ fi dátà tó parí sí 2022 yan òfin yín, kí ẹ wá dán an wò lórí ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá kùnà, ó kùnà nìyẹn.

Méjì kéékèèké kí n tó dákẹ́. Bí ẹ bá ń ṣe alert, ẹ yan Once Per Bar Close, torí ọ̀pọ̀ ọfà BUY tó ń yọ kí candle tó parí ló máa ń pòórá nígbà tó bá parí, lẹ́yìn tí ẹ ti rà. Èkejì ni Paper Trading. $100,000 ni wọ́n ń fún yín níbẹ̀ láti fi ṣeré. Ta ni nínú wa ló ní in? Ẹ tún un ṣe, kí ẹ fi iye tí ẹ ní gan-an síbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní mo ti fi sáyẹ́ǹsì ba ayé jẹ́, pé ọjà ò ní dúró dè mí. Apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ jóòótọ́: kò sí ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnnì yìí tó ń pawó. Mo yẹ òfin mi wò nílẹ̀ lóko tán, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo pa á tì. Ó yà mí lẹ́nu bí ìyẹn ṣe fúyẹ́ lára mi tó.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo yọ gbogbo aṣọ aláràbarà yẹn kúrò lára ṣáàtì, ó ku indicator kan tó fọkàn tán jù. Mo bá a yan ṣíà kan tí kò mọ̀, mo lẹ bébà bo orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, mo tẹ Replay. Ó ń pinnu, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. A ti dé ogún kí wọ́n tó mú iná lọ. Mẹ́jọ ló gbà. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń wo ìwé tí mo kọ ọ́ sí pẹ̀lú iná fóònù rẹ̀. Ó wá ní, "Bátìrì ẹ ṣì kù? Jẹ́ ká lo ṣíà mìíràn."